Ihò Èémí Tí Mo Fi Aṣọ Dí

Corrie, ọmọ ọmọ mi, ka ìwé yìí tán kí o tó tún fọwọ́ kan píkọ́ọ̀pù bàbá rẹ. Òótọ́ kan wà tí mo ti gbé mì láti ìgbà tí o wà ní kékeré. Ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi báyìí. Bí mi ò bá bì í jáde fúnra mi, sípánà rẹ ni yóò fà á jáde, mi ò sì fẹ́ kí o bá a pàdé lábẹ́ ọkọ̀ ní ìwọ nìkan. Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀, ó ní kí n má gbé ohun tó wúwo mọ́. Mi ò sọ fún un pé ohun tó wúwo jù lọ nínú ilé yìí, ọwọ́ kọ́ ni mo fi ń gbé e. Má wo bí mo ṣe kọ ọ́. Ìwé tí mo mọ̀ kò ju èyí tí ọkọ mi fi ẹ̀yìn páálí ọṣẹ kọ́ mi lọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kí o wò.

Lánàá, o ti píkọ́ọ̀pù náà jáde kúrò nínú ilé ọkọ̀, o fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ funfun rẹ̀ fi yọ lábẹ́ eruku pupa. Láti ìgbà tí o ti gba ìsinmi wá láti ibi iṣẹ́ kùsà ni o ti ń tún un ṣe. O ní o fẹ́ wà á dé ìlú, kí o bá ìyá rẹ parí ìrìn tí kò parí. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wò ọ́. O ki rọ́bà epo bọ ọrùn tánkì ọkọ̀, kò pẹ́ kò jìnnà, epo tú jáde sí ọ láyà. O bú sẹ́rìn-ín, o ké sí mi pé, "Màmá àgbà! Ó ti tutọ́ o! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bó bá tutọ́, ó ti yó, àbí?" Ṣùgbọ́n o ò dúró síbẹ̀. O bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, o fi ìkúùkù kan tánkì náà, ó dún gbọ̀ọ̀ngbọ̀ọ̀n bí agolo òfìfo. O ní, "Irọ́ ló ń pa, Màmá àgbà. Ebi ń pa á. Ihò èémí rẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ yìí, ló dí. Màá lọ ra rọ́bà tuntun ní ìlú lọ́la, kí n tú ti àtijọ́ yìí dànù." Mo ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ti darúgbó bíi tèmi." O ní, "Ẹ̀yin gan-an, mo ń bọ̀ wá tú tiyín náà." O tún rẹ́rìn-ín. Òní ni ọ̀la náà. O ti lọ sí ìlú láti àárọ̀, èmi sì jókòó ti tábìlì ilé ìdáná pẹ̀lú pẹ́ńsùlù.

Ohun tí o máa bá nínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà nìyí: èdídí ìgò ọtí kíkan kan, tí mo fi aṣọ aláwọ̀ aró wé, aṣọ tó ní àmì funfun tótòtó. O máa dá aṣọ náà mọ̀. Òun ni mo fi rán kaba rẹ àkọ́kọ́, èyí tí o wọ̀ nínú fọ́tò tó wà lára ògiri. Agbọ́n tí wọ́n dá lẹ́bi ò lè wé aṣọ mọ́ èdídí. Èmi ni. Èmi Elva, ìyá bàbá rẹ, ni mo dí ihò èémí ọkọ̀ tí ìyá rẹ gbé ọ sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí, ì bá sàn. Èyí tó burú jù ń bọ̀ níwájú.

Clem, bàbá bàbá rẹ, ló ra píkọ́ọ̀pù náà ní àlòkù. Aago epo rẹ̀ ti kú kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì jí mọ́ láéláé. Nítorí náà, ojú àti etí la fi ń mọ̀ bí epo bá kún. O mọ àgbá ńlá tó wà lórí òpó irin lẹ́yìn ilé: a ó fa rọ́bà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, epo á máa ṣàn wọ ọrùn ọkọ̀, bó bá kún, á pọ díẹ̀ jáde. Clem á ní, "Ó ti tutọ́, ó ti yó." Ó di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Nídìí oúnjẹ pàápàá, bí Darcy ọmọ mi bá ti ti àwo ẹran àgùntàn kúrò níwájú, á ní, "Ìyá mi, ẹ má bù kún un mọ́, mo ti fẹ́ tutọ́." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Clem ní ìdajì kejì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé á wọ inú rọ́bà tí tánkì fi ń mí, á fi ẹrẹ̀ dí i pa. Tánkì ò yàtọ̀ sí ìgò: bí epo ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Bí afẹ́fẹ́ ò bá ríbi jáde, á ti epo padà sọ́rùn, ọkọ̀ á máa tutọ́ nígbà tí inú rẹ̀ ṣófo. Ìdí nìyẹn tí Clem fi máa ń ní, "Bó bá tutọ́, kàn án. Ẹnu lè purọ́, ikùn kì í purọ́." Bó bá dún gbọ̀ọ̀n, a ó tú rọ́bà náà, a ó ti wáyà bọ̀ ọ́, a ó gbọn ẹrẹ̀ dànù, a ó wá fi asẹ́ wáyà kékeré bo ẹnu rẹ̀ kí agbọ́n má bàa padà wọ ibẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, kò gba agbára. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ohun tí ọkọ mi kọ́ mi láti fi gba ẹ̀mí là, òun ni mo fi ṣìkà.

Maree ìyá rẹ wá láti etí òkun. Ọjọ́ tí Darcy mú un wálé, mo wo bàtà funfun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo ní nínú ara mi pé eruku ibí yìí á jẹ bàtà yẹn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Eruku jẹ bàtà náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó kọ́ bí a ṣe ń rẹ́ irun àgùntàn, ó kọ́ bí a ṣe ń yan búrẹ́dì nínú eérú gbígbóná, ó tiẹ̀ máa ń kọrin fún àwọn adìyẹ kí wọ́n tó yé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní, "Màmá, ibí yìí dákẹ́ títí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ń dún sí mi létí." Mo ní, "Bí ìdákẹ́jẹ́ bá ń dún sí ọ létí, lọ yọ eruku etí rẹ." Mo sọ ọ́ kó lè dùn ún. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì lọ sọ ọ́ fún Darcy bí àwàdà. Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, Corrie. Kò ṣẹ̀ mí. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, bàbá rẹ̀ sì ti kú. Bí Maree bá ti wọlé, ojú Darcy á kúrò lára mi lọ sára rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bí ọ. Àyà rẹ ò gba eruku. Bí atẹ́gùn pupa bá ti jà, èémí rẹ á máa dún fìn-ín fìn-ín bí ìkòkò tíì tó ń hó, ètè rẹ á dúdú, ìyá rẹ á gbé ọ ka orí àwo omi gbígbóná, á bo aṣọ lé ẹ̀yin méjèèjì. Nọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbé wá sọ fún un níṣojú mi pé, "Ìyá ọmọ, gbé ọmọ yìí lọ síbi tí afẹ́fẹ́ tútù wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní rí èémí mí mọ́." Mo ní nọ́ọ̀sì ń sọ̀sọkúsọ. Mo ní èmi náà wúkọ́ nínú eruku yìí, mo sì gbó. Àgbà òmùgọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan tí Darcy àti àwọn òṣìṣẹ́ lọ kó àgùntàn jọ ní ìpẹ̀kun oko lọ́hùn-ún, Maree wá bá mi níbi tí mo ti ń bó ànàmọ́. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi bó o. Ó ní, "Màmá, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ gbé Corrie lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Àyà rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù." Mo ní, "Ìgbà wo lo máa dé?" Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "A ò ní padà wá gbé ibí mọ́, Màmá. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Mi ò fẹ́ sá lọ bí olè. Bí mo bá dúró de Darcy, á sunkún, ẹsẹ̀ mi ò ní lè gbé mi lọ mọ́. Ẹ bá mi sọ fún un pé kì í ṣe òun ni mo ń sá fún. Bí wọ́n bá rẹ́ irun àgùntàn tán, kó wá bá wa. Àbúrò mi ọkùnrin ti bá a wá iṣẹ́ sí etí òkun. Kí ẹ̀yin náà sì bá a wá. Yàrá wà." Bẹ́ẹ̀ ló sọ. Kí ẹ̀yin náà bá a wá. Ó ní yàrá wà fún mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Ó fi ọwọ́ tó kún fún omi ànàmọ́ dì mọ́ mi lọ́rùn. Inú mi ti dúdú kó tó tú ọwọ́ náà kúrò.

Kí o má rò pé mo fẹ́ pa á. Èrò mi ni pé, bí Maree bá dá ọ̀nà lọ tí ọkọ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà wálé nínú eruku, ojú á tì í, ẹ̀rù ọ̀nà á bà á, kò ní dábàá ìrìn mọ́. Darcy á sì dé, á bínú sí i pé ó gbé ọmọ dá ọ̀nà. Mo ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń gé aṣọ: ìwọ̀nba epo ìsàlẹ̀ tánkì kò ní gbé e kọjá géètì kejì, ibi tí ẹ̀rọ omi alátẹ́gùn wà. Omi wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, àtibẹ̀ wálé kò ju ìrìn àárọ̀ kan lọ. Nítorí náà, lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì sùn, mo lọ sábẹ́ píkọ́ọ̀pù. Tibor, mẹkáníìkì ará Họ́ńgárì tó ń gbé ní ìlú, ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rọ́bà náà ṣe ni, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó fi asẹ́ wáyà tuntun so mọ́ ẹnu rẹ̀ gírígírí. Mo tú asẹ́ náà, mo jù ú sínú àpò. Mo ti èdídí tí mo wé láṣọ bọ̀ ọ́. Mo wá lọ wú ilé agbọ́n àtijọ́ kan lára ògiri, mo pò ó pọ̀ mọ́ omi, mo fi rẹ́ ẹnu rọ́bà náà kó lè dà bí iṣẹ́ agbọ́n. Mo fọwọ́. Mo lọ gbé ìkòkò tíì kaná. Nígbà tí ìyá rẹ jí, mo bù ú fún un, mo fi ṣúgà sí i bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló rọ epo, nítorí àwọn ọkùnrin kò sí nílé. Wọ́n ti kó gbogbo kẹ́ẹ̀gì epo dání lọ síbi àgùntàn. Mo gbé ọ lọ́wọ́, mo dúró tì í. Ọkọ̀ tutọ́ kíákíá. Maree yí sí mi, ó ní, "Màmá, ṣé ó ti yó báyìí?" Mo ní, "Ó ti yó." Ìdajì ọ̀rọ̀ Clem ni mo kọ́ Maree láti ọjọ́ tó ti wọlé wa. Ìdajì kejì, ìyẹn kíkan ikùn ọkọ̀, mi ò kọ́ ọ rí, nítorí Darcy ló máa ń rọ epo fún un. Mo rò pé ó máa dá rọ́bà padà síbi tó wà. Ṣùgbọ́n ó ní, "Ọ̀nà jìn, ẹ jẹ́ kí n rọra fi díẹ̀ sí i." Ó dín epo kù títí ó fi ń kán tótó, ó dúró, ó tún jẹ́ kó kán, ó ń kọrin tó máa ń kọ fún adìyẹ. Aṣọ tí mo fi wé èdídí náà ò le tó, afẹ́fẹ́ ń yọ́ gbabẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Mo ní, "Ó tó, Maree, má fi epo ṣòfò." Ó ní, "Mo ń ṣe sùúrù fún un ni, Màmá. Ẹ̀yin náà lẹ ní mi ò ní sùúrù." Lóòótọ́ ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Sùúrù yẹn ló gbé e kọjá ibi tí mo ṣírò sí. Ọkọ̀ náà kò kú sí ìtòsí omi. Ó gbé e dé àárín pápá iyọ̀, níbi tí kò ti sí igi tó ga ju ìbàdí èèyàn lọ, níbi tí ilé wa ti jìnnà, tí ìlú náà sì jìnnà. Kó tó lọ, ó ní, "Màá yà mu tíì lọ́dọ̀ Gwenda, mo ti sọ fún un lórí rédíò. Ẹ má gbàgbé ohun tí mo ní kí ẹ sọ fún Darcy." O ju ọwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Mo ju ọwọ́ padà.

Mo jókòó títí oòrùn fi kan àtàrí, mo ń retí ẹni tó máa rìn bọ̀. Mo ti tọ́jú ẹran tútù àti búrẹ́dì. Mo ti tọ́jú ọ̀rọ̀ tí mo máa fi pàdé rẹ̀ pẹ̀lú: "Ọmọ etí òkun, ṣé òkun ti gbẹ ni?" Kò sẹ́ni tó bọ̀. Nígbà tí ó di àkókò tí àwa obìnrin oko máa ń bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn Gwenda, aládùúgbò wa tí ilé rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ìlú. Ó ní, "Ìyá Darcy, ẹ kú oòrùn o. Òní yìí á bó awọ lára aláǹgbá. Ìyàwó yín dà? Ó ní òun máa yà sọ́dọ̀ mi, mo ti yan àkàrà òyìnbó dè é, ọkọ mi sì ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ṣé kí n rán ọkọ̀ lọ pàdé wọn lọ́nà?" Corrie, gbọ́. Ẹnu mi wà lára rédíò. Kí n sáà sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni," ìyẹn nìkan ló gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo obìnrin àdúgbò ló ń gbọ́ wa, mo sì rò pé Maree á yọ sí ẹnu ọ̀nà láìpẹ́, pé bí ọkọ Gwenda bá bá a lọ́nà, wọ́n á wo tánkì náà. Mo ní, "Kò lọ mọ́. Ó ti yí ọkàn padà. Òun àti ọmọ ń sùn." Gwenda ní, "Ó ṣe dáadáa. Ọkọ mi, ó yá, jẹ àkàrà rẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo pa rédíò, mo jáde sí ẹ̀yìn ilé láti kó aṣọ tí mo sá. Nígbà náà ni mo rí èéfín. Ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró gangan bí òwú ní apá ibi tí pápá iyọ̀ wà. Ọmọ ibí ni ọ́, o mọ ohun tí irú èéfín bẹ́ẹ̀ jẹ́. Táyà ni. Ẹni tí ọkọ̀ kú mọ́ lọ́wọ́ ló ń sun táyà láti fi ké pe èèyàn. Mo dúró, aṣọ wà lápá mi, mo sọ fún ara mi pé koríko ló ń jó. Kò sí koríko ní pápá iyọ̀. Mo wọlé, mo fọwọ́ lé rédíò. Bí mo bá pè, mo ní láti sọ pé irọ́ ni mo pa ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí mo bá sọ pé irọ́ ni mo pa, wọ́n á bi mí pé nítorí kí ni. Mo gbé ọwọ́ kúrò. Èyí tó burú jù nìyí, ọmọ mi. Kì í ṣe aṣọ, kì í ṣe èdídí. Mo rí èéfín ìyá rẹ, mo sì ń ká aṣọ. Mo sọ pé omi wà lọ́wọ́ wọn, pé ilẹ̀ á mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ojú tún tì mí. Ìgbà tí oòrùn tún gun òkè, tí ẹ̀rù borí ìtìjú, ni mo tó pe Gwenda. Mo sì tún purọ́ nínú igbe yẹn. Mo ní, "Ẹ gbà mí o, mo rò pé wọ́n wà ní yàrá wọn! Ó ti yọ́ lọ!"

Ọkọ Gwenda ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó bá ọ nínú píkọ́ọ̀pù, ìyá rẹ ti ta aṣọ ìbora bo ilẹ̀kùn fún ìbòòji, ó sì fi gbogbo omi sílẹ̀ fún ọ. Gbogbo rẹ̀. Kò mú ẹ̀kán kan dání. O sọ fún ọkùnrin náà pé, "Mọ́mì ní kí n má sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun ń lọ pe Màmá àgbà." Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Wọ́n bá a níbi tó dojú bolẹ̀ sí, orí rẹ̀ kọ sí ọ̀nà ilé wa. Èmi ló ń bọ̀ wá bá.

O ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà tí o ń dàgbà, pé kí ló dé tí ìyá rẹ fi ọ́ sílẹ̀ nínú oòrùn. Mo máa ń ní, "Ará ìlú ńlá ni. Kò mọ̀ pé bí ọkọ̀ bá kú, a kì í fi í sílẹ̀." Irọ́ ni. Ó mọ̀. Ó dúró. Ó dúró ti ọkọ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú tó sì mọ́, ó sun táyà, ó ń retí Gwenda tó mọ̀ pé òun ń bọ̀. Ó ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ilẹ̀ yìí ń ṣe. Èmi ni mo sọ fún gbogbo ayé pé ó ń sùn. Ìgbà tí omi kù díẹ̀ tí èémí rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún fìn-ín ló tó dìde. Àyà rẹ ò jẹ́ kó lè dúró mọ́. Kò fi ọ́ sílẹ̀, Corrie. Má tún sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ níwájú rẹ.

Ọlọ́pàá wo ẹnu rọ́bà, ó rí ẹrẹ̀, ó ní, "Agbọ́n ni." Kò tú u. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ní Tibor ò fi asẹ́ sí i. Wọn ò gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ní ibi ìsìnkú, ó wá bá mi, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, ó ní, "Ìyá Darcy, mo fi asẹ́ sí i. Ọwọ́ ara mi ni mo fi so ó." Mo ní, "Tibor, ọwọ́ èèyàn lè gbàgbé." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹnu mi ló ń gbàgbé èdè yín, ìyá. Ọwọ́ mi kì í gbàgbé." Ó kó ẹrù rẹ̀, ó fi àdúgbò sílẹ̀, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ní ti bàbá rẹ, o rántí bó ṣe máa ń lọ jókòó nínú píkọ́ọ̀pù yẹn lójoojúmọ́ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́. Nítorí náà ni mi ò fi rí àyè yọ èdídí náà: òun ló ń ṣọ́ ọ láìmọ̀. Nígbà tí òun náà kú, eékún mi ò jẹ́ kí n lè wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Ó kú pẹ̀lú èrò pé ìyàwó òun sá fún òun. Mi ò jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ń gbé oúnjẹ fún un, mo ń fọ aṣọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ì bá gbé e dìde wà lẹ́nu mi, mo sì jẹ́ kó rì. Kó wá bá wa. Yàrá wà. Mo ti sọ ọ́ lórí sàréè rẹ̀, ṣùgbọ́n òkú kì í gba iṣẹ́ tí a jẹ́ lẹ́yìn àkókò.

Ohun tí mo ń tọrọ kò pọ̀. Mi ò ní kí o pè mí ní Màmá àgbà mọ́. Bí o bá lè dárí jì mí lọ́jọ́ kan, kódà kó jẹ́ lẹ́yìn tí mo bá kú, sọ ọ́ sókè níbi tí àwọn adìyẹ wà. Bí o kò bá lè ṣe é, má fi àánú purọ́ fún mi. Irọ́ ti tó nínú ilé yìí. Wá Tibor, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ bí òun bá ti lọ, kí o sọ fún wọn pé ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Asẹ́ tó so wà nínú agolo bọ́tìnnì mi, màá gbé e lé orí ìwé yìí. Kó o sọ fún Gwenda pẹ̀lú, bó bá ṣì ń gbọ́ràn. Ẹ̀yin ọmọdé tó bá tún ka èyí lẹ́yìn rẹ, ẹ gbọ́: bí ẹnì kan bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ, kó lè mọ̀nà padà. Bí ẹ bá sì ti purọ́ kan, ẹ pariwo rẹ̀ fúnra yín nígbà tí èéfín ṣì ń rú. Ìtìjú kì í pa ẹni tó bá ń jẹ́wọ́, ẹlòmíràn ló máa ń pa.

Mo rí eruku ọkọ̀ rẹ báyìí ní apá géètì kejì. O ti ń bọ̀ pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Màá fi ọ̀pá mi tẹ̀ dé ibi píkọ́ọ̀pù náà, màá jókòó sí ibi tí o jókòó sí lọ́jọ́ yẹn, ìwé yìí á wà lórí itan mi. Bí o bá kà á tán, yọ aṣọ náà jáde. Rọ epo sí i díẹ̀díẹ̀, bí ìyá rẹ ti ṣe. Bó bá tutọ́, má gba ẹnu rẹ̀ gbọ́, má sì gba ẹnu tèmi náà gbọ́. Kàn án.